Irin Tí N Kò Fún Bọ̀dá Rufus

Ọjọ́ Ajé, 12 Èrèlé 2024. Àkúrẹ́

Ó jọ pé a ti rí i. Gbogbo èyí tí mo ti ń sè láti oṣù tó kọjá ló ń dì bí ògì tó bàjẹ́, ṣùgbọ́n omi dúdú tòní kò dì. Mo gbé òòfà sí ẹ̀gbẹ́ ìgò, èérún irin inú rẹ̀ wọ́ lọ sí apá kan, omi tó kù mọ́ gaara. Mo gbé òòfà kúrò, mo mi ìgò, wọ́n tú ká padà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n rí. Ọláwuyì tí a jọ ń lo yàrá ìwádìí pariwo pé, "Fẹ̀yìn, o ti rí i!" Mo ní kó fara balẹ̀, kí a wò ó lọ́la ná.

Ọyẹ́ ṣì mú. Ètè mi ti là. Ẹni tó ń ta kẹ́míkà fún wa l'Ékòó tún ti gbówó lé e, ó ní dọ́là ni ká bá wí, ká má bá òun wí.

Agnes, ìyàwó Bọ̀dá Rufus ẹ̀gbọ́n mi, pè láti Oǹdó nígbà tí mo ń fọ ìgò. Ó ní Bọ̀dá kì í jẹun dáadáa mọ́, pé inú ń dùn ún lápá ọ̀tún. Ó ní kí n má jẹ̀ẹ́ kó mọ̀ pé òun lòun sọ fún mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 17 Èrèlé. Oǹdó

Mo bá Bọ̀dá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Yábà, l'Óǹdó níbí, ó ń rán kóòtù ọkọ ìyàwó kan. "Ọma mi, kí ló dé tóo wá láìsọ?" Mo wò ó lójú. Funfun ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bí èso ìyeyè. Ó ti gba ìbàdí ṣòkòtò ara rẹ̀ wọlé, ó rán an dáadáa débi pé ẹni tí kò bá mọ ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní fura.

"Ibà pọ́njú ni," ó ní. "Mò ń mu àgbo sí i."

Mo ní kó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ibi tó ń dùn ún. Lábẹ́ egungun ìhà, lápá ọ̀tún, ó le bí ọsàn tí kò pọ́n. Mo yọwọ́. Mo ní a ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ó di ìgbà tóun bá rán kóòtù tán. Agnes dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wojú mi.

Ọjọ́bọ̀, 29 Èrèlé

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Dókítà pe èmi àti Agnes wọlé, Bọ̀dá wà níta lórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kòkòrò hẹpatáítíìsì B ti lè wà lára rẹ̀ láti kékeré, kó máa jẹ ẹ̀dọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ láìdùn ún. Ó ti tàn dé apá méjèèjì. Kò ṣeé gé.

Agnes bi í pé, "Dókítà, kí la máa fún un jẹ?"

Ó ní, "Ohunkóhun tó bá ti wù ú."

Ìgbà yẹn ni Agnes bú sẹ́kún. Ó yé e ju bó ṣe yé èmi tí mo kàwé lọ. Èmi, mo mọ àwọn ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ìwé ìwádìí mi: àrùn yìí wà lára èyí tó ń pa àwọn ọkùnrin wa jù. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò ni mo ṣe kọ ọ́.

Èmi ni mo sọ fún Bọ̀dá. Ó ní, "Ṣé ó ṣeé gé?" Mo ní kò ṣeé gé. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ti ń mú."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Ẹrẹ́nà. Àkúrẹ́

Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Nígbà tó jáde nínú ẹ̀rọ ńlá tó ń dún gbàgàgbàgà náà, ó ní ó dà bí ìgbà tí wọ́n kan èèyàn mọ́nú pósí tí káfíńtà kò sì tíì ṣe tán. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

Mo wo àwòrán náà títí. Ńlá inú rẹ̀, afọ́jú á rí i. Àwọn kéékèèké tó yí i ká ni n kò lè dá mọ̀, èwo ni àrùn, èwo ni kì í ṣe àrùn. Bó bá ṣe pé èérún irin wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni, ibi tó dá ṣáṣá nínú ẹ̀dọ̀ á gbé e mì, á ṣú dúdú lójú àwòrán. Ibi tí àrùn wà kò ní lè gbé e mì, á hàn kedere. Ohun tí mo ń forí ṣe láti ọdún yìí wá nìyẹn. Kí a lè rí i nígbà tó ṣì kéré. Tiẹ̀ kò kéré mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Ẹrẹ́nà. Oǹdó

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀ bí mo ṣe ń kọjá Ọwẹ́nà. Ilẹ̀ rùn dáadáa.

Bọ̀dá ń lo òòfà kékeré kan tó so mọ́ okùn, ó fi ń ṣa abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Kí tiẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe l'Ákùúrẹ́ yẹn gan-an? Lọ́jọ́ gbogbo ni mò ń sọ fáwọn èèyàn pé àbúrò mi ń ṣe ìwádìí. Bí wọ́n bá ní ìwádìí kí ni, màá ní ẹ lọ bi í."

Mo tọ́ka sí òòfà ọwọ́ rẹ̀, mo ṣàlàyé. Irin tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí ẹyọ rẹ̀ kan. A ó wọ̀ ọ́ láṣọ, kí ara má baà kọ̀ ọ́. Ó yà á lẹ́nu. "Ẹ fẹ́ da irin sínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn?" Mo ní ó níye tí a ó fi sí i. Mo ní àwọn kan wà fún yíya àwòrán, pé àwọn kan sì wà tí yóò lẹ̀ mọ́ àrùn, tí a ó wá gbé aláìsàn sí àárín wáyà bàbà tí a ká, tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ lọ tó ń gba inú rẹ̀ bọ̀. Irin náà á gbóná, á jó ibi tó lẹ̀ mọ́ nìkan.

Ó ronú sí i. Ó wo áyọ́ọ̀nù rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Ó jẹ́ pé ẹ fẹ́ máa lọ àrùn náà láti inú."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. A rẹ́rìn-ín, àwa méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ ti ìhà rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Ẹrẹ́nà. Àkúrẹ́

A fún àwọn eku labẹ́rẹ́. Mẹ́ta kú kí a tó fọ ọwọ́ tán. Ọláwuyì là wọ́n. Irin náà ti ṣù pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, ó dí ẹ̀dọ̀fóró wọn pa. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ló mú kó ṣù. Aṣọ tí mo wọ̀ fún un kò nípọn tó.

Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, 31 Ẹrẹ́nà. Oǹdó

Bọ̀dá kò lè dúró parí orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó, ó ń kọ ọ́ lórí ìjókòó.

Lẹ́yìn oúnjẹ ó ní káwọn ọmọ jáde. Ó ku èmi, òun àti Agnes. Ó ní, "Fẹ̀yìn, fún mi lára irin yẹn."

Mo rò pé àwàdà ni. Mo ní, "Irin wo?"

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Èyí tóo ń ṣe. Gún mi labẹ́rẹ́ rẹ̀."

Mo ní kò tíì dé ọ̀dọ̀ èèyàn. Mo ní eku la ṣì fi ń dán an wò, pé ó lè tó ọdún mẹ́wàá sí i. Ó ní, "Ọdún mẹ́wàá." Ó kàn tún un sọ ni, kò pariwo. Agnes ló kúnlẹ̀. Ó ní, "Àǹtí Fẹ̀yìn, ẹ jọ̀ọ́. Dókítà ní kò sí nǹkan kan mọ́. Ẹ̀yin, ẹ ní nǹkan. Kí lẹ wá ń pa á mọ́ fún?"

"Màmá Ọmọ́wùnmí, ẹ dìde. Ó lè pa á."

"Ṣé kò ti ń kú ni?"

N kò sọ ti àwọn eku mẹ́ta. Mo mú báàgì mi, mo lọ sí gáréèjì láì dágbére fáwọn ọmọ.

Ọjọ́rú, 3 Igbe. Àkúrẹ́

Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Akíntúndé, olùdarí ìwádìí mi. Mo rò pé á bínú. Kò bínú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ó ní, "Bí àrùn bá pa á, wàá sunkún. Bí ọwọ́ rẹ bá pa á, o ò ní rí ẹkún sun. Mi ò fẹ́ kí èkejì yìí ṣẹlẹ̀ sí ọ."

Mo ní, "Bó bá sì wò ó sàn ńkọ́, sà?"

Ó ní, "Nínú ẹ̀dọ̀ tó ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀? O mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, Fẹ̀yìntọlá."

Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń pa mí nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 11 Igbe

Aṣọ tuntun ti bá irin náà mu. Gbogbo eku wà láàyè. Wọ́n ń jẹun. Iná kò sí láti àárọ̀, ooru mú bí nǹkan míì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Igbe. Oǹdó àti Àkúrẹ́

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Mo fi ìgò kan sínú fúláàsì pẹ̀lú áìsì, mo fi abẹ́rẹ́ àti sírínjì sínú báàgì. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nínú mọ́tò mo gbé e lé itan bí ọmọ tuntun. Obìnrin tó jókòó tì mí ní ṣé yógọ́ọ̀tì ni, kí n tà fún òun.

Bọ̀dá wà lórí ìjókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ikùn rẹ̀ ti yọ. Ó rí fúláàsì náà. "Kí ló wà níbẹ̀?" Mo sọ fún un. Kò na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Àwọn eku yín ńkọ́? Kí ló ṣe wọ́n?"

Mo ní àwọn ti àkọ́kọ́ kú.

"Ṣé ó ni wọ́n lára?"

"Wọn ò lè mí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́."

"Àwọn ti ìsinsìnyí?"

"Wọ́n wà láàyè. Ṣùgbọ́n eku ni wọ́n, Bọ̀dá. Kò sẹ́ni tí a tíì fún."

Ó ní, "Tí mo bá ní kóo fún mi báyìí, ṣé wàá fún mi?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀. Torí mi ò mọ̀ ni mo ṣe gbé e wá."

Ó ní kí n na ọwọ́ mi. Mo nà án. Ó ń gbọ̀n. Ó fi tiẹ̀ dì í mú, tiẹ̀ gbẹ, ó sì gbóná. Ó ní, "Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n kì í gé aṣọ oníbàárà. Gbé e padà. Má sọ fún Agnes pé o gbé e wá."

Mo sunkún. Òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún, ó ń sọ pé ó tó, ó tó, bí ìgbà tí mo wà ní kékeré. Áìsì ti yọ́ tán kí n tó dé Àkúrẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ẹ̀bìbí. Àkúrẹ́

A gbé àwọn eku tó ní kókó àrùn sáàárín wáyà bàbà fún ọ̀sẹ̀ méjì báyìí. Lónìí a wọn kókó wọn. Ó ti fà wọlé. Lára àwọn mìíràn, a kò rí i mọ́ rárá. Ọláwuyì gbé mi sókè kúrò nílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n kàn jókòó, ó ń wo àwọn eku náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n bímọ fún.

Agnes pè ní ọ̀sán. Bọ̀dá ti bi ẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Ẹ̀bìbí. Oǹdó

Wọ́n fa omi inú ikùn rẹ̀, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sílé. Ó sùn dáadáa lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ́wùnmí, àkọ́bí rẹ̀, ń ṣe ìdánwò àṣejáde. Ó ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀ nítorí bàbá ní òun fẹ́ràn láti máa gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé. Mo sọ fún Bọ̀dá pé àwọn eku náà ń sàn. Ó ní, "Ó ṣiṣẹ́?" Mo ní ó ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun." Inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. N kò lè dúró nínú yàrá náà.

Agnes kò bá mi sọ̀rọ̀ ju ẹ káàbọ̀ àti ó dàbọ̀ lọ.

Ọjọ́ Ajé, 3 Òkúdu

Àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ti pa iná gbogbo orílẹ̀-èdè. Gbogbo ohun tí a fi oṣù mẹ́rin ṣe wà nínú fíríìjì. Èmi àti Ọláwuyì tan jẹnẹrétọ̀, epo inú rẹ̀ kò pọ̀, ilé epo tì pa. Bí a ṣe ń wá epo kiri ni Ọmọ́wùnmí pè. "Àǹtí, Dádì ń pe orúkọ yín."

Kò sí mọ́tò ní gáréèjì. Mo pe Ọ̀jọ̀gbọ́n nílé rẹ̀ ní Ìlárá-Mọ̀kín láti sọ fún un pé mò ń fi fíríìjì sílẹ̀, pé kó máà bínú. Ó ní, "Dúró síbẹ̀." Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Ọláwuyì ní ká fa díẹ̀ nínú epo ọkọ̀ náà fún jẹnẹrétọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní rárá, pé yóò gbé Fẹ̀yìntọlá dé Oǹdó ná.

Nígbà tí a kọjá Ọwẹ́nà, ó ní ìyàwó òun náà, jẹjẹrẹ ọmú ló pa á, ọdún kọkànlá rèé. Mo ti bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti dé, n kò mọ̀.

Bọ̀dá ṣì wà láyé. Ó mọ̀ mí. Ó ní, "Ṣé o ti jẹun?"

Ọjọ́rú, 5 Òkúdu. Oǹdó

Bọ̀dá Rufus kú láàárọ̀ yìí. Òjò ń rọ̀. Agnes ló di orí rẹ̀ mú, èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ti di ẹni fífúyẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Òkúdu

Ọláwuyì pè. Gbogbo ohun inú fíríìjì ti bàjẹ́. Ó ń tọrọ àforíjì títí. Mo ní kò séwu, a ó tún un ṣe. Ó yà mí lẹ́nu pé n kò rí nǹkan kan lára mi tó dùn mí nípa rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Òkúdu

A sin ín. Agnes kígbe lójú gbogbo ìjọ: "Oògùn wà nílé wọn! Oògùn wà nílé wọn!" Àwọn ìyá ìjọ gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ lásán ni. N kò gbèjà ara mi.

Ọjọ́ Ajé, 24 Òkúdu

Mo padà sí Oǹdó nítorí ohun kan tí dókítà ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, tí gbogbo wa gbàgbé nínú ẹkún: kí á yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ilé wò, torí kòkòrò náà máa ń ràn. Mo rò pé Agnes á lé mi. Ó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá, ó ń dá aṣọ tí wọn kò tíì rán padà fáwọn oníbàárà. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó ká ṣòkòtò kan tán kó tó dáhùn. "Ṣé ti àwọn ọmọ náà?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó lọ wọ bàtà.

Ọjọ́bọ̀, 27 Òkúdu

Agnes kò ní kòkòrò náà. Àbíkẹ́yìn kò ní in, wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ́wùnmí ní in.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún.

Agnes kò sunkún. Ó di apá mi mú kankan lójú dókítà, bí ẹni tó ń bọ́ sínú odò, kò sì fi sílẹ̀ títí a fi délé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Agẹmọ. Àkúrẹ́

Ọmọ́wùnmí wá sùn sọ́dọ̀ mi fún ìdí àyẹ̀wò. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Kòkòrò náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì ba nǹkan jẹ́. Dókítà ní kó máa wá ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, pé bí ó bá tó àkókò, oògùn wà tí yóò máa lò láti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo mú un lọ sí yàrá ìwádìí lẹ́yìn náà torí ó ní òun fẹ́ rí i. Ọláwuyì fi ìgò àti òòfà hàn án. A ti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, èyí tó wà níbẹ̀ ṣì ń dì. Ó gbé ìgò náà sókè sí ojú fèrèsé, ó ń wò ó. Ó jọ bàbá rẹ̀ nídìí imú.

A ń rìn lọ sí gáréèjì nígbà tó bi mí. Ó bi mí bí ẹni tó ń béèrè ìgbà tí èsì ìdánwò máa jáde.

"Àǹtí, ṣé irin yín á ti ṣe tán nígbà tí tèmi bá dé?"

Mo ní tiẹ̀ lè má dé rárá. Mo ní oògùn wà, àyẹ̀wò wà, pé a mọ̀ báyìí, pé bàbá rẹ̀ kò mọ̀ ni.

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n tó bá dé ńkọ́?"

N kò fẹ́ purọ́ fún un. Mo ní, "Mi ò mọ̀. Mò ń ṣe é lọ."

Ó ní, "Ó dáa, mà. Mo kàn ní kí n bi yín ni."

Ọkọ̀ ń sáré kọjá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a sọdá títì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kọjá ẹni tí wọ́n ń di lọ́wọ́ mú sọdá.